Ẹ̀yin tó ń bójú tó sáfà ímeèlì l'Ábẹ́òkúta, báwo lẹ ṣe ń lé spam?

Ọmọ_Òkè_Ìléwó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Iléèwé girama aládàáni kan nílùú wa níbí ló gbé sáfà ímeèlì wọn lé mi lọ́wọ́. Debian ló wà lórí rẹ̀, Postfix ló ń gba lẹ́tà wọlé, Dovecot ló ń fi í sínú àpótí olúkúlùkù. Kò sí asẹ́ kankan tó ń yọ spam, ìyẹn lẹ́tà pàǹtírí, kúrò níbẹ̀ rárá. Bí àwọn tíṣà bá ṣí ímeèlì wọn láàárọ̀, ìpolówó oògùn, ọ̀rọ̀ bitcoin àti ìwé ìsanwó tí ẹnikẹ́ni ò béèrè ni wọ́n máa ń bá pàdé. Lẹ́tà òbí tó fẹ́ mọ iye owó iléèwé á wá sọnù sáàárín wọn.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni lẹ́tà kan tó dé ọ̀dọ̀ akápò. Orúkọ ọ̀gá àgbà ló wà lórí rẹ̀. Ó ní kí wọ́n sanwó sí àkáǹtì kan kíákíá, pé òun wà nípàdé, kí wọ́n má pe òun. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọ́fíìsì àwọn méjèèjì dojú kọra, akápò kàn sọdá lọ béèrè ni.

Iléèwé ò lówó púpọ̀ lọ́wọ́, mẹ́mórì ẹ̀rọ náà ò sì ju gígábáìtì 2 lọ. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?


Ẹ̀gbọ́n_Ìbarà

Àbúrò, kú iṣẹ́. Má tíì fi nǹkan kan kún ẹ̀rọ náà. Kọ́kọ́ jókòó ti /var/log/mail.log. Wo àwọn tó ń kanlẹ̀kùn: ibo ni wọ́n ti ń bọ̀, orúkọ wo ni wọ́n ń jẹ́ ní HELO (ìkíni àkọ́kọ́ láàárín sáfà méjì), ta ni wọ́n ní àwọn ń kọ̀wé sí. Pflogsumm á bá ọ ṣírò rẹ̀ lójoojúmọ́. Wàá rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í hùwà bíi sáfà gidi. Òmíràn á sọ pé orúkọ sáfà tìrẹ gan-an lòun ń jẹ́. Òmíràn á máa fi orúkọ dánwò lọ́kọ̀ọ̀kan, admin, info, sales, bóyá ọ̀kan á ṣe é ṣe. Dòméènì (orúkọ tó wà lẹ́yìn @) tí òmíràn ní òun ti wá ò tiẹ̀ sí láyé.

Ìlànà tí mo dì mú nìyí. Èyí tó bá dájú pé olè ni, ẹnu ọ̀nà ni kó ti padà pẹ̀lú kóòdù 550. Èyí tí ọkàn rẹ ò bá balẹ̀ sí, fódà Junk ni kó lọ. Má pa lẹ́tà kankan rẹ́ ní bòókẹ́lẹ́. Bí o bá kọ̀ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà, sáfà tó gbé e wá á sọ fún ẹni tó kọ ọ́ pé kò dé. Bó bá jẹ́ òbí gidi ni, á pe iléèwé lórí fóònù. Ṣùgbọ́n bí o bá gbà á tán tí o wá dà á nù, onítọ̀hún á máa retí èsì tí kò ní wá.

Má sì gbà á wọlé tán kí o tó máa fi ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ránṣẹ́ padà. Irọ́ ni àdírẹ́ẹ̀sì tí àwọn oníjìbìtì máa ń kọ sẹ́yìn lẹ́tà, àdírẹ́ẹ̀sì ẹlòmíràn sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni ìwé ìkọ̀sílẹ̀ rẹ máa dà lé lórí, kò sì ní pẹ́ tí wọ́n á fi ka sáfà rẹ mọ́ àwọn tó ń da ayé láàmú.

Nínú /etc/postfix/main.cf, bẹ̀rẹ̀ báyìí:

smtpd_helo_required = yes
smtpd_recipient_restrictions =
    permit_mynetworks,
    permit_sasl_authenticated,
    reject_unauth_destination,
    reject_non_fqdn_sender,
    reject_unknown_sender_domain

Ìlà reject_unauth_destination ni kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ láéláé. Òun ni kì í jẹ́ kí àjèjì gba orí sáfà rẹ ránṣẹ́ sí ibòmíràn. Láti Postfix 2.10 ni smtpd_relay_restrictions náà ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, síbẹ̀ jẹ́ kó wà níbi méjèèjì.

Bí ìlà kan bá ń kọ ọ́ lóminú, kọ warn_if_reject síwájú rẹ̀. Postfix ò ní dá lẹ́tà padà nítorí ìlà náà, á kàn kọ ọ́ sínú lọ́ọ̀gì pé òun ìbá ti dá a padà. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, wo àwọn tí ìbá ti fara gbá a, kí o tó yọ warn_if_reject kúrò.


Ọmọ_Láfẹ́ńwá

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n. Àfikún tèmi ni lísìtì Spamhaus. Láti 1998 ni wọ́n ti wà, àdírẹ́ẹ̀sì IP (nọ́ńbà tí a fi ń mọ ẹ̀rọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) àwọn tó ń rọ̀jò spam ni wọ́n ń kó jọ. Bí àlejò bá kanlẹ̀kùn, Postfix á gba ọ̀nà DNS (ìwé orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì) béèrè bóyá orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ fi ìlà yìí sí ìparí àwọn ti ẹ̀gbọ́n:

reject_rbl_client zen.spamhaus.org=127.0.0.[2..11]

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé ìdí rẹ̀ kúrò, apá tó bẹ̀rẹ̀ láti ibi àmì =. Ìdí ni pé Spamhaus kì í dáhùn ìbéèrè tó bá gba ọ̀dọ̀ àwọn DNS gbogbogbòò bíi 8.8.8.8 àti 1.1.1.1. Dípò ìdáhùn gidi, 127.255.255.254 ló máa ń sọ, ìyẹn ni pé ibi tí o gbà wá ò tọ́. Bí ẹ kò bá kọ nọ́ńbà tí ẹ ń retí, Postfix á rò pé ìdáhùn yẹn túmọ̀ sí pé ọ̀daràn ni àlejò. Gbogbo lẹ́tà ló máa dá padà nígbà náà, ti Gmail, ti báńkì, ti ìjọba, láìku ẹnì kan. Mo ti rí ọ́fíìsì tí kò gba ímeèlì kankan fún odidi òpin ọ̀sẹ̀ nítorí nọ́ńbà yìí, tí wọ́n sì ń rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dáa.

Ẹ dán an wò báyìí lórí sáfà náà fúnra rẹ̀:

dig +short 2.0.0.127.zen.spamhaus.org

Bó bá mú 127.0.0.2 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, ó ti dára. Bó bá jẹ́ 127.255.255.254 ni, ẹ fi Unbound, ètò tó ń béèrè DNS fúnra rẹ̀, sórí sáfà yẹn, kí /etc/resolv.conf máa tọ́ka sí 127.0.0.1, kí ẹ sì tún Postfix gbé dìde. Mẹ́mórì tí Unbound ń jẹ ò tó nǹkan.

Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí kì í fi ṣòwò tí lẹ́tà rẹ̀ ò sì pọ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.


Àǹtí_Kútọ̀

Ibi tí permit_sasl_authenticated (ìlà tó ń gba ẹni tó fi pásíwọ́ọ̀dù wọlé láàyè) wà nínú ètò ẹ̀gbọ́n yẹn, kí ẹnikẹ́ni má ṣí i nípò. Ó gbọ́dọ̀ ṣáájú Spamhaus. Ara ohun tó wà nínú zen ni PBL, ìyẹn àdírẹ́ẹ̀sì àwọn tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì láti ilé tàbí lórí dátà fóònù, tí kò yẹ kí wọ́n máa kanlẹ̀kùn pọ́ọ̀tù 25 tààrà. Àwọn tíṣà yín ń kọ lẹ́tà lórí dátà, àbí? Bí Spamhaus bá ṣáájú, àwọn gan-an ni sáfà yín máa kọ̀, wọ́n á sì máa pè yín láti Adátán àti Pánsẹ́kẹ́ pé ímeèlì ò lọ.

Kí àwọn tíṣà máa gba pọ́ọ̀tù 587 ránṣẹ́ pẹ̀lú pásíwọ́ọ̀dù, kí 25 wà fún àwọn sáfà ẹlẹgbẹ́ yín nìkan.


Ṣọ́ọ̀bù_Ìtòkú

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi ímeèlì jẹun. Àdìrẹ ni ìyá mi ń tà ní Ìtòkú, èmi ni mo ń bójú tó sáfà wa. Àwọn oníbàárà wa ń kọ̀wé wá láti Jámánì, láti Brazil, láti Amẹ́ríkà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni a kò sì mọ̀ rí. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ẹni tó fẹ́ ra aṣọ púpọ̀ jọ lẹ́tà gbájúẹ̀ gan-an. Àjèjì ni, ó ń sọ̀rọ̀ owó, ó ń béèrè nọ́ńbà àkáǹtì, ó so àwòrán mọ́ ọn. Asẹ́ tó bá le jù á gbé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sọnù, ẹni tó ṣètò rẹ̀ á sì máa yọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ. Spam ogún tó wọlé ò dùn wá tó oníbàárà kan tó bọ́.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gba ìmọ̀ràn dídí orílẹ̀-èdè pa. Ẹ̀yin kan máa ń sọ pé ká ti ìlẹ̀kùn mọ́ Ṣáínà pátápátá. Ibẹ̀ ni àwọn kan nínú wa ti ń ra aṣọ funfun tí a ń rẹ sínú aró.

Ohun tí a ń ṣe ni pé ìwọ̀nba àwọn tó dájú là ń kọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ìyókù ń lọ sí Junk, ìyá mi fúnra wọn sì máa ń yẹ àkọlé ibẹ̀ wò ní ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù. Wọn ò mọ Postfix, ṣùgbọ́n wọ́n mọ èdè ẹni tó fẹ́ ra aṣọ.


Ẹ̀gbọ́n_Ìbarà

Ọmọ Ìtòkú ti sọ gbogbo rẹ̀. Kí gbogbo wa tẹ́tí sí ìyẹn.


Tíṣà_Alábàtà

Ẹ̀yin ará, ìpele kejì la dé yìí, ti àwọn tó ti kọjá ẹnu ọ̀nà tí a fẹ́ wo ohun tó wà nínú wọn. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. SpamAssassin ni àgbà. Perl ni wọ́n fi kọ ọ́, ó ti wà láti 2001, tí máàkì ìfura lẹ́tà bá sì ti pé 5 ló máa ń pè é ní spam. Rspamd ni èkejì. C ni wọ́n fi kọ ọ́, ó yá ju SpamAssassin lọ dáadáa, ó sì ń yẹ SPF, DKIM àti DMARC wò láàárín ara rẹ̀, àwọn ètò tó ń fi hàn bóyá lẹ́tà ti inú dòméènì tó ní òun ti wá jáde lóòótọ́. Lórí ẹ̀rọ gígábáìtì 2, Rspamd pẹ̀lú Redis (ibi tó ń kó ìrántí rẹ̀ sí) ni mo máa mú.

Nínú main.cf:

smtpd_milters = inet:localhost:11332
milter_default_action = accept

Ìlà kejì túmọ̀ sí pé bí Rspamd bá dákú, kí lẹ́tà ṣì máa wọlé. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, Postfix á sọ fún àlejò pé kó padà wá nígbà mìíràn.

Máàkì tí Rspamd ń lò láti ilé ni 4 fún ìdádúró, 6 fún àmì spam, 15 fún kíkọ̀ pátápátá. Ẹ má tètè fà á wálẹ̀. Ẹni tó bá rí spam kan tó wọlé tó wá sọ 15 di 7 á pàdánù lẹ́tà gidi.

Ẹ má fi ClamAV, ètò tó ń wá fáírọ́ọ̀sì, sí ẹ̀rọ yẹn o. Mẹ́mórì tó ń jẹ fún ara rẹ̀ lè ju gígábáìtì kan lọ. Dípò rẹ̀, ẹ lo mime_header_checks nínú Postfix láti kọ fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bá parí sí .exe, .scr, .js tàbí .vbs. Kò sí òbí tó máa fi irú wọn ránṣẹ́ sí iléèwé.


Àǹtí_Kútọ̀

Ìdádúró tí Tíṣà dárúkọ, greylisting, mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú rẹ̀. 2003 ni Evan Harris gbé èrò náà jáde: ẹni tí a kò mọ̀ rí, sọ fún un pé kó padà wá, sáfà gidi á padà wá, róbọ́ọ̀tì á bá tiẹ̀ lọ. Ó dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n Postgrey, ètò tó ń ṣe é fún Postfix, máa ń dá gbogbo àlejò tuntun dúró fún ìṣẹ́jú 5, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sì ń ti orí IP oríṣiríṣi padà wá, nítorí náà ìdádúró náà lè tún bẹ̀rẹ̀. Kóòdù ìwọlé báńkì á ti kú kó tó dé. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn akọ̀wé owó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé asẹ́ náà jáde pẹ̀lú igi.


Tíṣà_Alábàtà

Òótọ́ lẹ sọ nípa Postgrey, Àǹtí. Ti Rspamd yàtọ̀ ní ti pé lẹ́tà tí máàkì rẹ̀ bá ti dé 4 nìkan ló ń dá dúró. Kóòdù báńkì tó ní DKIM tó péye kì í sábà débẹ̀. Bí ẹ bá ṣì ń bẹ̀rù, ẹ pa á. Postscreen tó wà nínú Postfix láti 2.8 lè rọ́pò rẹ̀. Ó máa ń fi ìṣẹ́jú àáyá 6 dá àlejò dúró kó tó kí i tán. Sáfà gidi á dúró kí ìkíni parí, róbọ́ọ̀tì a máa kánjú sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi postscreen_greet_action sí enforce. Pọ́ọ̀tù 25 nìkan ni o, ẹ má gbé e sórí 587.


Ọmọ_Òkè_Ìléwó

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ṣe ti ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú warn_if_reject, Unbound náà ti ń ṣiṣẹ́, Rspamd ti wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ ti hàn. Ìbéèrè méjì ló kù. Báwo ni màá ṣe máa gbé èyí tó ní àmì lọ sí Junk láìjẹ́ pé tíṣà kọ̀ọ̀kan ń ṣètò rẹ̀ lórí fóònù wọn? Lẹ́tà tó ń fi orúkọ ọ̀gá jìbìtì ńkọ́? Ọ̀kan tún wọlé lánàá, Rspamd ò rí nǹkan kan sí i.


Ọmọ_Láfẹ́ńwá

Ti Junk rọrùn. Fi Sieve, èdè òfin tó ń pín lẹ́tà sí fódà, kún Dovecot, kọ èyí sínú fódà tí sieve_before ń tọ́ka sí, kó kan gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà:

require ["fileinto"];
if header :contains "X-Spam" "Yes" {
    fileinto "Junk";
    stop;
}

Bó bá jẹ́ SpamAssassin ni, X-Spam-Flag ni kí o kọ dípò X-Spam. Ẹ̀yin tó ṣì ń lo procmail, ẹ kúrò níbẹ̀. 1990 ni wọ́n ti ṣe é, ọ̀pọ̀ ọdún sì wà tí kò sí ẹni tó ń tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà, fi imapsieve sí i, kó jẹ́ pé bí tíṣà bá ti gbé lẹ́tà lọ sí Junk, ẹ̀rọ á fi rspamc learn_spam kọ́ ara rẹ̀. Bó bá gbé e kúrò ní Junk padà sí Inbox, learn_ham ni (ham ni lẹ́tà gidi). Ẹ̀kọ́ yẹn ò ní máa ṣiṣẹ́ títí di ìgbà tó bá tó 200 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́ ọ ní spam nìkan, wọ́n á wá sọ pé kò gbọ́n. Fi lẹ́tà gidi kọ́ ọ bákan náà, pàápàá èyí tí a fi Yorùbá kọ. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi ṣe àwọn asẹ́ wọ̀nyí, lẹ́tà tó kún fún àmì ohùn àti ẹ, ọ, ṣ sì jẹ́ àjèjì sí wọn. Bí òbí bá kọ “Ẹ kú ojúmọ́, ọmọ mi ò lè wá lónìí”, ìwọ ni wàá kọ́ ẹ̀rọ pé ọmọ ilé ni.

Bó bá sì jẹ́ SpamAssassin lẹ ń lò, ẹ má kọ en (Gẹ̀ẹ́sì) nìkan sí ok_languages, lísìtì èdè tó ń gbà láàyè.


Ẹ̀gbọ́n_Ìbarà

Ti orúkọ ọ̀gá: oríṣi méjì ni, wo èyí tí tìrẹ jẹ́. Wo àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lẹ́yìn orúkọ náà.

Bó bá jẹ́ pé dòméènì iléèwé gan-an ni wọ́n jí lò, DNS ni ìwòsàn rẹ̀. Kọ SPF tó dárúkọ sáfà yín tó sì parí sí -all. Fi DKIM fọwọ́ sí àwọn lẹ́tà tó ń jáde. Gbé DMARC síta pẹ̀lú p=none (kí wọ́n má tíì kọ nǹkan kan) ná, ka ìròyìn tó ń wá, kí o rí i pé gbogbo ibi tí lẹ́tà yín ti ń jáde ló ti wọ inú ètò, títí kan ẹ̀rọ tó ń fi àbájáde ìdánwò ránṣẹ́ sí òbí. Lẹ́yìn náà, quarantine (kó lọ sí Junk), lẹ́yìn rẹ̀, reject (kí wọ́n kọ̀ ọ́).

Ṣùgbọ́n mo fura pé Gmail lásán ni tìrẹ, tí wọ́n kàn kọ orúkọ ọ̀gá síwájú. DMARC ò lè ran ìyẹn lọ́wọ́, nítorí Gmail ló fi ránṣẹ́ lóòótọ́. Sieve lè ràn ọ́: bí From bá ní orúkọ ọ̀gá nínú, tí address :domain kò sì jẹ́ ti iléèwé, kó lọ sí Junk. Ìwọ̀nba orúkọ mẹ́ta mẹ́rin ni irú òfin yìí wà fún, ọ̀gá àgbà, igbákejì, akápò, alága ìgbìmọ̀. Kí o sọ fún ọ̀gá tẹ́lẹ̀ kí wọ́n má fi Gmail tiwọn kọ̀wé iṣẹ́ mọ́.

Kí ìgbìmọ̀ sì fọwọ́ sí i pé kò sí owó tó ń jáde nítorí ímeèlì nìkan. Akápò gbọ́dọ̀ pe nọ́ńbà tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà nínú lẹ́tà. Mi ò mọ asẹ́ kankan tó lè ṣe iṣẹ́ yìí dípò èèyàn.


Ọ̀dọ́mọdé_Ṣàpọ́n

Ẹ jọ̀ọ́, iná ń lọ púpọ̀ níbi tí sáfà wa wà. Wọ́n gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi MX kejì (sáfà mìíràn tó ń gba lẹ́tà wa) sí ibòmíràn kí lẹ́tà má bàa sọnù. Ṣé ó dára?


Ọmọ_Láfẹ́ńwá

Àbúrò, bí MX kejì yẹn ò bá ní asẹ́ kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, má ṣe é. Àwọn oníspam mọ̀ pé ibẹ̀ ló máa ń rọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ tààrà, kódà nígbà tí iná wà. Nígbà tí lẹ́tà bá wá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé, IP rẹ̀ ni Postfix rẹ máa rí, Spamhaus ò sì ní lè sọ nǹkan kan. Lẹ́tà gidi kì í sọnù nítorí iná lọ fún wákàtí díẹ̀. Sáfà tó fẹ́ fi ránṣẹ́ á tọ́jú rẹ̀, á máa gbìyànjú. Ọjọ́ 5 ni Postfix fúnra rẹ̀ máa ń fi gbìyànjú kó tó sọ̀rètí nù. Fi owó yẹn ra bátìrì ínfátà.


Àǹtí_Kútọ̀

Ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ: ẹ má máa ṣí lẹ́tà àwọn èèyàn láti wo bóyá asẹ́ ń ṣiṣẹ́. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti 2023 wà nílẹ̀, ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sì ti wà ṣáájú rẹ̀. Lọ́ọ̀gì á sọ ẹni tó fi ránṣẹ́, ìgbà tó dé àti máàkì tó gbà. Ìyẹn tó fún iṣẹ́ yìí. Bí ó bá di dandan kí ẹ wo inú lẹ́tà, kí ẹni tó ni ín jókòó tì yín.


Ọmọ_Òkè_Ìléwó

Gmail ni lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n. Mo ti kọ òfin Sieve yẹn, ọ̀gá sì ti gbà. Wọ́n fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ pípe fóònù síwájú ìgbìmọ̀. Àwọn tíṣà ti ń gbé lẹ́tà lọ sí Junk fúnra wọn, mo sì ní kí wọ́n máa yẹ ibẹ̀ wò lọ́jọ́ Jímọ̀ bíi ti ìyá Ìtòkú. Ohun tó kù ni pé Junk ti ń kún, àyè díìsìkì ò sì pọ̀. Ṣé kí n máa pa wọ́n rẹ́?


Tíṣà_Alábàtà

Jẹ́ kí wọ́n pẹ́ tó kí èèyàn lè rí wọn kó tó di pé wọ́n lọ. Ọgbọ̀n ọjọ́ dára fún iléèwé, ṣùgbọ́n nígbà ìsinmi gígùn, sọ ọ́ di 60, nítorí àwọn tíṣà lè má ṣí ímeèlì wọn títí wọ́n á fi wọlé. Nínú Dovecot, kọ autoexpunge = 30d sábẹ́ mailbox Junk. Bí ti tìrẹ bá ti pẹ́ tí kò mọ ìyẹn, fi èyí sínú cron (ètò tó ń ṣe iṣẹ́ lákòókò tí a dá fún un) láàárín òru:

doveadm expunge -A mailbox Junk savedbefore 30d

Kí o tó fi í síbẹ̀, fi search rọ́pò expunge, kí o kọ́kọ́ rí iye tó máa lọ. Sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí gbogbo tíṣà ṣáájú ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀.